ILÉ-OLÓDI SALAHUDDIN NÍ KÁÍRÒ: ÀWỌN TÍ Ó KỌ́ Ọ ÀTI Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

 

 Kò sí ọmọ kéwú tí ó ti dé kíláàsì ìtàn tí kò mọ orúkọ Salahuddin Al-Ayyubi, ẹni tí ó gba Báítúl-Mùkáddás padà ní ọdún 1187. Bí a bá bi àwọn ọmọ wa pé kí ni ó kọ́ sílẹ̀, wọn a ní ilé-olódi Káírò ni, èyí tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Qal'a. Wọn a tún fi kún un pé inú rẹ̀ ni ó gbé, ibẹ̀ ni ó sì ti bá àwọn ọmọ-ogun Alágbèélébùú jà. Òótọ́ ni ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n méjì tí ó tẹ̀lé e kì í ṣe òótọ́. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣe àlàyé ilé-olódi yìí nínú ìwé ìròyìn wa ti ọdún yìí, kí a mọ ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn tí ó fi kún un, àwọn tí ó bà á jẹ́, àti ohun tí ó yẹ kí àwa rí kọ́ níbẹ̀.

IBI TÍ Ó WÀ

Orí gegele kan tí ó yọ jáde lára òkè Muqattam, ní ìhà ìlà-oòrùn Káírò, ni ilé-olódi náà wà. Nígbà tí a ṣe àbẹ̀wò sí ibẹ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ yé wa ni pé ẹni tí ó bá ni orí òkè yẹn ni ó ni ìlú. Bí ènìyàn bá dúró létí odi, yóò máa wo òrùlé àti mánárà Káírò nísàlẹ̀, mọ́ṣáláṣí ńlá ti Sultan Hasan wà lẹ́sẹ̀ òkè gan-an, bí eruku kò bá sì pọ̀, ojú yóò tó àwọn ilé onígun mẹ́ta ti àwọn Fíráónà ní Giza, ní òdìkejì odò Náílì.

Kì í ṣe nítorí ogun ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́lé sí ibẹ̀. Ní ọdún 810, gómìnà kan tí ń jẹ́ Hatim ibn Harthama kọ́ ilé ìgbafẹ́ kan síbẹ̀, wọ́n sì ń pè é ní Qubbat al-Hawa, nítorí afẹ́fẹ́ tútù tí ń fẹ́ níbẹ̀. Al-Maqrizi, òpìtàn ọmọ Káírò tí ó kú ní ọdún 1442, sọ ìtàn kan tí ó bá èyí mu. Wọ́n ní nígbà tí Salahuddin ń wá ibi tí yóò kọ́lé sí, ó ní kí wọ́n so ẹran kọ́ káàkiri ìlú. Nísàlẹ̀ ìlú, ẹran a bàjẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ti orí òkè yìí a tó ọjọ́ méjì kí ó tó bàjẹ́. Bí ìtàn náà bá rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀, ó fi hàn pé àwọn àgbà ìgbà náà mọ̀ pé atẹ́gùn ibẹ̀ dára.

ÌDÍ TÍ SALAHUDDIN FI KỌ́ Ọ

Káírò kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀. Amr ibn al-As, sàábé Ànábì, ni ó tẹ Fustat dó ní ọdún 641. Àwọn ọba Fatimiyya ni ó tẹ al-Qahira dó ní ọdún 969, ní ìhà àríwá Fustat. Al-Qahira ní odi tirẹ̀, ṣùgbọ́n Fustat, níbi tí àwọn oníṣòwò àti mẹ̀kúnnù pọ̀ sí, kò ní odi kankan. Nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Alágbèélébùú dé ẹ̀bá ìlú ní ọdún 1168, Shawar tí ó wà nípò igbákejì ọba ní kí wọ́n dáná sun Fustat, kí ọ̀tá má baà rí i lò. Al-Maqrizi kọ ọ́ pé ọjọ́ 54 ni iná náà fi jó.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 1169, Salahuddin di igbákejì ọba, ní ọdún 1171 ìjọba Fatimiyya sì parí. Ní ọdún 1176, èyí tí í ṣe 572 lẹ́yìn Híjírà, ó pàṣẹ pé kí wọ́n mọ odi kan tí yóò yí al-Qahira àti Fustat ká papọ̀, kí wọ́n sì kọ́ ilé-olódi sórí òkè láàárín wọn. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé kí mẹ̀kúnnù náà ní ààbò bí ọlọ́lá ṣe ní.

Ìjòyè rẹ̀ kan, Bahauddin Qaraqush, ni ó fi ṣe olórí iṣẹ́. Qaraqush yìí kò fi nǹkan ṣeré. Ó wó lára àwọn ilé onígun mẹ́ta kéékèèké tí ó wà ní Giza, ó sì ní kí wọ́n kó òkúta wọn wá. Nítorí náà, òkúta tí wọ́n gé ní ayé Fíráónà wà lára odi tí Mùsùlùmí kọ́. Arìnrìn-àjò Ibn Jubayr, tí ó ti ilẹ̀ Andalus wá, dé ibẹ̀ ní ọdún 1183 nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun tí wọ́n jẹ́ Rúmù ni ó ń la òkúta tí wọ́n sì ń gbẹ́ yàrà, àti pé wọ́n pọ̀ débi tí a kò lè kà wọ́n tán.

Lókè ẹnu-ọ̀nà tí à ń pè ní Bab al-Mudarraj, wọ́n gbẹ́ àkọlé Lárúbáwá sí ara òkúta ní ọdún 579 lẹ́yìn Híjírà. Orúkọ mẹ́ta pàtàkì ni ó wà níbẹ̀: Salahuddin tí ó pàṣẹ, àbúrò rẹ̀ al-Adil tí ó mójú tó iṣẹ́, àti Qaraqush tí ó ṣe kòkárí rẹ̀. Orúkọ ẹlẹ́wọ̀n kankan kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni Qaraqush, pẹ̀lú gbogbo làálàá rẹ̀, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀, nítorí títí di òní bí ará Íjíbítì bá fẹ́ sọ pé ìdájọ́ kan le koko tí kò sì mọ́gbọ́n dání, yóò ní ìdájọ́ Qaraqush ni.

Salahuddin fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún 1182, kí iṣẹ́ tó parí, ó kúrò ní Íjíbítì lọ sí ilẹ̀ Ṣáàmù, kò sì padà wá mọ́ títí ó fi kú sí Damásíkù ní ọdún 1193. Ẹni tí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sọ pé dírámù fàdákà 47 àti owó wúrà ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n bá nínú àpò ìṣúra rẹ̀. Ọmọ àbúrò rẹ̀, al-Kamil, ni ó kọ́kọ́ fi ilé-olódi náà ṣe ibùgbé, ní nǹkan bí ọdún 1207. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1874, èyí tí ó ju 600 ọdún lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe àkóso Íjíbítì.

KÀNGA YUSUF

Ilé-olódi tí kò ní omi kò yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n. Qaraqush mọ èyí, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ kànga sínú àpáta. Ó jìn tó nǹkan bíi mítà 87, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù bí a bá gbé e nàró. Ìpele méjì ni wọ́n pín in sí. Wọ́n gbẹ́ ọ̀nà yípo yípo sí ara àpáta bí ìkarahun ìgbín, kí akọ màlúù lè rìn sọ̀kalẹ̀ dé àárín kànga. Níbẹ̀ ni àwọn màlúù ti ń yí àgbá onígi tí ń fa omi láti ìsàlẹ̀ pátápátá wá sí àárín, àwọn mìíràn á sì máa yí ti òkè tí ń fà á jáde. Nítorí ọ̀nà yìí ni wọ́n ṣe tún ń pè é ní Bi'r al-Halazun, kànga ìgbín.

Àwọn kan gbọ́ orúkọ Bi'r Yusuf, wọ́n sì rò pé Ànábì Yusuf ni wọ́n fi sọ ọ́, nítorí pé wọ́n ti gbọ́ nípa kànga nínú ìtàn rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yusuf ni orúkọ àbísọ Salahuddin, Yusuf ọmọ Ayyub. Salahuddin tí a ń pè é, orúkọ oyè ni. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kíyè sí i bí àìbéèrè ṣe lè sọ orúkọ kan di ìtàn mìíràn.

ÀWỌN MAMLUK ÀTI ÀLEJÒ LÁTI ILẸ̀ MALI

Lẹ́yìn ìdílé Salahuddin ni àwọn Mamluk gba ìjọba ní ọdún 1250. Ìtumọ̀ Mamluk ni ẹni tí a fi owó rà. Ọmọdé ni wọ́n máa ń rà wọ́n láti ọ̀nà jíjìn, wọn a kọ́ wọn ní ẹ̀sìn àti ogun jíjà, àwọn tí ó bá sì mọ ogun jà a di ìjòyè. Ẹrú tí wọ́n rà wá ṣọ́ ààfin ni ó di ọba nínú ààfin náà. Baybars, ọ̀kan nínú wọn, wà lára àwọn tí ó ṣẹ́gun àwọn Mongol ní Ayn Jalut ní ọdún 1260. Nígbà tí ó sì di ọba, ó gba ọmọ ìdílé Abbas kan sí Káírò ní ọdún 1261, ó fi í jẹ Khalifa, nítorí pé àwọn Mongol ti pa Khalifa Baghdad ní ọdún 1258.

Ẹni tí ó kọ́lé jù nínú wọn ni Sultan al-Nasir Muhammad, tí ó jọba ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta títí ó fi kú ní ọdún 1341. Ó kọ́ ààfin kan tí ń jẹ́ Qasr al-Ablaq, tí wọ́n fi òkúta aláwọ̀ méjì tò ní ìlà ìlà. Ó kọ́ mọ́ṣáláṣí ní ọdún 1318, ó sì tún un kọ́ ní ọdún 1335. Mọ́ṣáláṣí yìí ṣì wà títí di òní. Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ yóò rí i pé àwọn òpó rẹ̀ kò bá ara wọn mu. Ìdí ni pé láti ara àwọn ilé àtijọ́ ni wọ́n ti kó wọn jọ: òmíràn láti ilé ayé Fíráónà, òmíràn láti ilé àwọn Rúmù, òmíràn láti ṣọ́ọ̀ṣì. Òkúta tí àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn gbẹ́ ni ó ru òrùlé tí Mùsùlùmí ń kírun lábẹ́ rẹ̀.

Ní ayé Sultan yìí, ní ọdún 1324, ni Mansa Musa, ọba Mali ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa yìí, gba Káírò kọjá lọ sí hájì. Al-Umari, tí ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gbọ́ ọ lẹ́nu ìjòyè tí Sultan rán lọ pàdé àlejò náà. Ìjòyè yìí ní òun rọ Musa títí kí ó gòkè lọ kí Sultan, ṣùgbọ́n ó kọ̀, ó ní hájì ni òun bá wá, òun kò fẹ́ fi nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́ ọn. Ohun tí ó ń dà á láàmú ni pé ẹni tí ó bá dé iwájú Sultan gbọ́dọ̀ fi ẹnu kan ilẹ̀. Nígbà tí ó gbà tí ó sì dé iwájú Sultan, wọ́n ní kí ó fẹnu kan ilẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Ẹnì kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí, ni ó bá ní Ọlọ́hun tí ó dá òun ni òun yóò forí kanlẹ̀ fún, ó sì forí kanlẹ̀. Sultan dìde díẹ̀ láti pàdé rẹ̀, ó sì fi í jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. Wúrà tí Musa àti àwọn èrò rẹ̀ ná ní Káírò pọ̀ débi pé owó wúrà já wálẹ̀, Al-Umari sì ní ó tó nǹkan bí ọdún 12 tí kò fi padà sí ipò rẹ̀.

LÁTI ỌWỌ́ TỌ́KÌ DÉ ỌWỌ́ ÒYÌNBÓ

Ní ọdún 1517, Sultan Selim ti ilẹ̀ Tọ́kì ṣẹ́gun àwọn Mamluk. Wọ́n tú òkúta mábù dídán kúrò lára ògiri mọ́ṣáláṣí al-Nasir, wọ́n kó o lọ sí Istanbul. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ́ tiwọn, nítorí ní ọdún 1528 gómìnà wọn, Sulayman Pasha, kọ́ mọ́ṣáláṣí kékeré kan tí ó rẹwà síbẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ní ìlànà Tọ́kì ní Íjíbítì.

Ní ọdún 1798, Napoleon Bonaparte kó ọmọ-ogun Faransé wọ Íjíbítì, wọ́n sì gba ilé-olódi náà. Ní oṣù October ọdún náà, àwọn ará Káírò dìde sí wọn, mọ́ṣáláṣí Azhar sì ni ibùdó wọn. Àwọn Faransé yí ẹnu àgbá wọn láti orí òkè sí àdúgbò Azhar, wọ́n rọ̀jò ọta lé e lórí. Òpìtàn al-Jabarti, tí ó wà ní Káírò nígbà náà, kọ ọ́ pé wọ́n gun ẹṣin wọ inú mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì da àwọn ìwé rú. Odi tí Salahuddin ní kí wọ́n kọ́ kí ó máa dáàbò bo ìlú ni wọ́n dúró lé lórí tí wọ́n fi ń ba ìlú jẹ́.

Lẹ́yìn tí àwọn Faransé lọ ní ọdún 1801, Muhammad Ali, ọ̀gá ológun kan lábẹ́ Tọ́kì, di alákòóso Íjíbítì ní ọdún 1805. Àwọn Mamluk ṣì lágbára, ó sì ń bẹ̀rù wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù March ọdún 1811, ó pè wọ́n wá síbi àsè kan ní ilé-olódi, nígbà tí ọmọ rẹ̀ Tusun fẹ́ lọ sí ogun ilẹ̀ Lárúbáwá. Wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n kí ara wọn. Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ní ọ̀nà tóóró tí ó lọ sí ẹnu-ọ̀nà Bab al-Azab, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, wọ́n sì ń yìnbọn sí wọn láti orí ògiri. Àwọn tí ó kú ju 400 lọ. Àwọn tí ó fi 267 ọdún jọba nínú ilé náà, láàárín ògiri rẹ̀ ni a ti pa àwọn tí ó kù nínú wọn.

Muhammad Ali wó ohun tí ó kù nínú ààfin wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá lé e lórí ní ọdún 1830. Èyí ni mọ́ṣáláṣí tí gbogbo ènìyàn ń rí nínú àwòrán Káírò, tí mánárà rẹ̀ méjèèjì tín-ín-rín tí ó sì ga ju mítà 80 lọ. Ọ̀pọ̀ àlejò rò pé ti Salahuddin ni, bẹ́ẹ̀ ó ju 630 ọdún lọ tí Salahuddin ti kú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n sin Muhammad Ali sí. Ní àgbàlá rẹ̀, agogo kan wà tí ọba Faransé fi ránṣẹ́ ní ọdún 1845, láti fi dúpẹ́ òpó olókùúta Fíráónà tí Muhammad Ali fi ta ilẹ̀ Faransé lọ́rẹ. Òpó náà ṣì dúró digbí ní Párísì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni agogo náà fi dákẹ́ láìṣiṣẹ́.

Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì gba ibẹ̀ ní ọdún 1882, wọn kò sì kúrò níbẹ̀ títí di ọdún 1946. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ọmọ-ogun Íjíbítì gbà á. Ní ọdún 1983 ni ìjọba ṣí èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tí ó fẹ́ wò ó.

Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

Èkínní: Nítorí àwọn ọmọ-ogun Alágbèélébùú ni Salahuddin ṣe mọ odi yìí. Wọ́n tún wọ Íjíbítì lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́, wọ́n gba Dimyat ní ọdún 1219, wọ́n sì dé Mansura ní ọdún 1250, ṣùgbọ́n wọn kò dé ẹsẹ̀ odi náà rí láti gbógun tì í. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣàn níbẹ̀, àwọn onílé ni ó ta á sílẹ̀ láàárín ara wọn. Àwọn àgbà wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Jàmáà tí ó bá ń mọ odi nítorí ará òde, tí kò sì tún àárín ara rẹ̀ ṣe, kò tíì mọ odi kankan.

Èkejì: Ààfin al-Nasir ti lọ, ìwọ̀nba ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ó kù. Ṣùgbọ́n mọ́ṣáláṣí rẹ̀ wà, kànga sì wà, nítorí pé gbogbo ènìyàn ni ó wúlò fún. Ohun tí a ṣe fún ara wa nìkan, ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn wa kò ní í rí ìdí tí yóò fi dá a sí.

Ẹ̀kẹta: Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ààfin kan wà níbẹ̀ rí? Báwo ni a ṣe mọ ohun tí Mansa Musa sọ? Àwọn tí ó mú kálàmù ni. Bí Ibn Jubayr, Al-Umari, Al-Maqrizi àti al-Jabarti kò bá kọ̀wé, òkúta nìkan kò bá má lè sọ nǹkankan fún wa, a kò bá sì máa pe gbogbo rẹ̀ ní ti Salahuddin, a kò bá máa pe kànga Yusuf ọmọ Ayyub ní ti Ànábì.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Mọ́ṣáláṣí tí ẹ ń kírun nínú rẹ̀ lónìí, ta ni ó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀? Ta ni ó pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ rẹ̀ kí ó tó di ti bíríkì? Àlùfáà wo ni ó kọ́kọ́ jókòó kọ́ ọmọ níbẹ̀? Bí ẹ bá bi àwọn àgbà, ẹ óò rí i pé orúkọ tí wọn yóò dá ju èyí tí ó wà lára ògiri lọ. Ẹ lọ bi wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Lárúbáwá àti ní Yorùbá. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá wá bi yín, ẹ má ṣe lé e sẹ́yìn.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn tí ó ti ṣe iṣẹ́ rere síwájú wa, èyí tí a mọ orúkọ wọn àti èyí tí a kò mọ̀. Kí Ó tún àárín wa ṣe, kí Ó sì jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa wúlò fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Àmín.